Òjò Dídì, Ìrì Dídì àti Igi: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíya Àwòrán Igi ní Àsìkò Òtútù

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lé àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi èdè Yorùbá kọ́ni bí a ti ń ya àwòrán igi tí òjò dídì tàbí ìrì dídì bò ní ilẹ̀ olótùútù. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ti Yorùbá nínú ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀. Èsì wa jẹ́ méjì. Èkíní, èdè tí yóò bá gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dúró kò lè mọ sí kìkì ohun tí ó wà ní àyíká àwọn tí ń sọ ọ́. Ọ̀pẹ kì í hù ní igbó Jámánì, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń fi èdè wọn kọ̀wé nípa rẹ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà lónìí, tí àwọn ọmọ wọn ń rí igi funfun báyìí lójú fèrèsé, tí wọ́n sì ń bèèrè orúkọ ohun tí wọ́n rí.

Ìdáhùn tí àwọn ọmọ náà sábà máa ń gbà kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: yìnyín. Yìnyín ni èyí tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Yìnyín ni èyí tí ó wà lára koríko láàárọ̀. Yìnyín náà ni èyí tí a ń bù sínú ife ohun mímu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè bo igi ní àsìkò òtútù, pé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà wáyé yàtọ̀ sí ti èkejì, àti pé ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó ń sọ fún ayàwòrán ibi tí yóò dúró sí, àkókò tí yóò jáde, àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí yóò lò. Olùkọ́ tí kò bá ní orúkọ mẹ́rin fún ohun mẹ́rin náà kò lè kọ́ni ní iṣẹ́ yìí yanjú.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a ó ṣe àlàyé bí ohun kọ̀ọ̀kan ti ń wáyé kí a tó dábàá orúkọ fún un.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ti Wà Nílẹ̀

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ òtútù wà nínú ìwé Jóòbù àti nínú Orin Dáfídì. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n lo òjò dídì fún èyí tí ń rọra já bọ́ láti sánmọ̀, wọ́n lo ìrì dídì fún èyí tí ń hù lórí nǹkan lóru, wọ́n sì fi yìnyín sílẹ̀ fún òkò omi tí ń bá ìjì òjò wá, èyí tí a mọ̀ nílẹ̀ wa dáadáa. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwa ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ púpọ̀ ti wáyé lórí ọ̀rọ̀-ìperí. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, sì pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a sábà ń tọ̀ ni fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, kíkan ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣíṣe àpèjúwe, àti yíyá ọ̀rọ̀ lò. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílé kí a tó yá ti ìta.

3.0 Ohun Mẹ́rin Tí Ń Bo Igi

3.1 Òjò dídì

Òjò dídì ń wáyé nínú ìkuùkù, níbi tí oru omi ti ń di ègé yìnyín kéékèèké onígun mẹ́fà. Àwọn ègé wọ̀nyí a máa dì mọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń bọ̀ wálẹ̀. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní ìlú Jericho ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá láti ya ẹyọ òjò dídì kan ṣoṣo ní 1885. Àwòrán tí ó yà kí ó tó kú ní 1931 sì lé ní 5,000.

Àmì tí ayàwòrán fi ń dá òjò dídì mọ̀ lára igi ni pé òkè ẹ̀ka ni ó ń jókòó sí. Abẹ́ ẹ̀ka a máa dúdú, òkè rẹ̀ a sì funfun, bí ẹni pé a fi ẹfun fa ìlà sí ẹ̀yìn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìlà dúdú àti funfun yìí ni ẹwà àwòrán náà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tàbí oòrùn díẹ̀ tó láti gbọ̀n ọ́n dànù, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ jáde kété tí òjò náà bá dá.

3.2 Ìrì dídì

Ìrì dídì kì í ti òkè já bọ́. Ní òru tí sánmọ̀ mọ́ tónítóní tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ẹ̀ka igi a máa tú ooru ara rẹ̀ sí ojú ọ̀run títí tí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ. Bí ìtutù náà bá ti kọjá 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oru omi inú afẹ́fẹ́ a di yìnyín lára ẹ̀ka náà láìkọ́kọ́ di omi. Yóò hù yí ẹ̀ka ká bí ìyẹ́ ẹyẹ tàbí bí abẹ́rẹ́.

Onímọ̀ lè rí àléébù nínú orúkọ yìí: bí ìrì bá jẹ́ omi, tí ohun tí à ń wí kò sì di omi rí, báwo ni a ṣe lè pè é ní ìrì dídì? Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ó tó láti pa orúkọ náà tì. Ọ̀pẹ òyìnbó kì í ṣe ọ̀pẹ, kò sì sí ẹni tí ń gun orí rẹ̀ láti dá ẹmu. Iṣẹ́ orúkọ ni láti tọ́ka. Àlàyé ni yóò sọ bí ohun náà ti rí. Òru kan náà tí ó mọ́ tí ó sì pa rọ́rọ́ ni ó ń bí ìrì nílẹ̀ wa tí ó sì ń bí ìrì dídì nílẹ̀ òtútù, ìbátan yìí sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí yóò ya ìrì dídì gbọ́dọ̀ jí kí oòrùn tó yọ, nítorí pé ìtànṣán àkọ́kọ́ tí ó bá lágbára ni yóò yọ́ ọ. Kí ó sún mọ́ ẹ̀ka náà pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé ojú ẹ̀ka àti ewé ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe odindi igbó.

3.3 Kùrukùru dídì

Kùrukùru jẹ́ ẹ̀kán omi kéékèèké tí ó léfòó nínú afẹ́fẹ́. Ohun ìyanu ni pé ẹ̀kán wọ̀nyí lè tutù kọjá 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí wọ́n sì ṣì wà ní omi, nítorí pé wọn kò rí ohun tí wọn yóò dì mọ́. A dábàá omi atutùmádì fún irú omi bẹ́ẹ̀: ó tutù, ṣùgbọ́n kò dì. Bí atẹ́gùn bá gbé e lu igi, ojú ẹsẹ̀ ni yóò dì, tí afẹ́fẹ́ yóò sì há sí àárín ẹ̀kán kan àti èkejì. Afẹ́fẹ́ tí ó há yìí ni ó sọ ọ́ di funfun.

Kùrukùru dídì a máa hù lọ síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé atẹ́gùn ni ó gbá a lọ sí ẹ̀yìn igi, bẹ́ẹ̀ òdì kejì rẹ̀ ni òótọ́. Ìhà tí atẹ́gùn kò dé lè máa wà ní dúdú. Ayàwòrán tí ó bá mọ èyí yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi, níbi tí a ó ti rí ìhà méjèèjì, tí àwòrán yóò sì fi ìtọ́sọ́nà atẹ́gùn hàn.

3.4 Awọ yìnyín

Nígbà mìíràn, òjò lásán ni ó rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè, tí ó sì gba inú afẹ́fẹ́ tútù kọjá nítòsí ilẹ̀. Omi rẹ̀ á di atutùmádì. Bí ó bá ba ẹ̀ka igi, yóò kọ́kọ́ tàn ká, lẹ́yìn náà ni yóò dì. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò há sínú rẹ̀, kì í funfun; a máa mọ́ gaara bí dígí, a ó sì rí èèpo igi nínú rẹ̀.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ lásán, èyí ni ìbá yẹ kí a pè ní òjò dídì, nítorí pé òjò ni, ó sì dì. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ní oní-ǹkan. A dábàá awọ yìnyín, nítorí pé ó bo ẹ̀ka bí awọ ti bo ara. Ẹwà rẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ kí a gbàgbé agbára rẹ̀. Ní oṣù Kínní 1998, irú òjò yìí rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní ìhà ìlà-oòrùn Kánádà. Ìwúwo awọ yìnyín náà ya àìmọye ẹ̀ka igi, ó wó àwọn òpó irin tí ń gbé wáyà iná, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ilé ní Quebec sínú òkùnkùn. Ayàwòrán kò gbọdọ̀ dúró sábẹ́ igi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀.

4.0 Ìmọ́lẹ̀ àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀

Ohun tí ó sábà máa ń dun ẹni tí ó kọ́kọ́ ya òjò dídì ni pé funfun tí ó rí lójú a di eérú nínú àwòrán. Kì í ṣe pé kámẹ́rà bàjẹ́. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ni ó fà á.

Kí a tó ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí a fún àwọn ẹ̀yà kámẹ́rà lórúkọ. Nítorí pé kámẹ́rà fara jọ ojú ènìyàn, a lè fẹ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ojú. Ihò tí ń gbòòrò tí ó sì ń sún kì láti gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni ọmọlójú kámẹ́rà. Ohun tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé fún ìwọ̀n àkókò kan ni ìpéǹpéjú kámẹ́rà. Àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù tàbí ohun tí ó dípò rẹ̀ gbà ni ìgbamọ́lẹ̀. Bí a bá sọ ìgbamọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, a ti gòkè ní ìpele kan. Bí a bá dá a sí méjì, a ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan.

Ní ti òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ohun tí ó ń wọ̀n ni ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan dá padà, kò sì mọ̀ bóyá nǹkan náà funfun tàbí ó dúdú. Àwọn tí wọ́n ṣe é gbà pé, bí a bá da gbogbo ohun tí ojú ń rí pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Káàdì eérú tí àwọn ayàwòrán fi ń dán òṣùwọ̀n wò a máa dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ẹ̀wẹ̀, a máa dá ìdá 80 sí 90 padà. Bí òṣùwọ̀n bá rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ohun aláwọ̀ eérú kan ni oòrùn líle pa, yóò sì dín ìgbamọ́lẹ̀ kù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá fi 18 pín 90, 5 ni a ó ní. Ìyẹn ni pé òṣùwọ̀n fún wa ní ìdá kan nínú 5 ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ. Ìpele kan jẹ́ ìlọ́po 2, ìpele méjì jẹ́ ìlọ́po 4, ìpele mẹ́ta jẹ́ ìlọ́po 8. Ìpele méjì ni ó súnmọ́ ọn jù láìkọjá ààlà. Nítorí náà, bí òjò dídì bá kún ojú àwòrán, kí a gòkè ní ìpele méjì sí ohun tí òṣùwọ̀n wí. Bí ìdí igi dúdú àti sánmọ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìpele kan lè tó. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà yóò pàdánù ojú ara òjò dídì náà: gbogbo rẹ̀ a di funfun báláú bí bébà tí a kò kọ nǹkan sí, pàápàá nínú kámẹ́rà òde òní tí kò lo fíìmù, níbi tí funfun tí ó bá ti kọjá agbára rẹ̀ kò ti ṣeé gbà padà mọ́.

Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé ayé láti 1902 sí 1984, àti Fred Archer ni wọ́n sọ irú ìṣirò yìí di ètò ní nǹkan bí 1939 sí 1940. Wọ́n pín gbogbo ohun tí ó wà láàárín dúdú biribiri àti funfun báláú sí ìpele 11, láti òdo dé 10. Àwọ̀ eérú wà ní ìpele 5. Òjò dídì tí oòrùn ń pa láti ẹ̀gbẹ́ wà ní ìpele 7. Èyí tí ó funfun jù ú lọ tí a ṣì lè rí ojú ara rẹ̀ wà ní ìpele 8. Láti 5 dé 7 jẹ́ ìpele méjì: ìdáhùn kan náà ni ìṣirò wa mú wá. Nínú àwòrán igi óàkù kan tí Adams yà nínú ìjì òjò dídì ní Yosemite ní 1948, ohun tí ó mú kí igi náà yọ kedere ni pé igbó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò funfun tó o. Funfun kò lè fi ara rẹ̀ hàn láàárín funfun.

Ọ̀ràn awọ yìnyín yàtọ̀ sí èyí. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bí òjò dídì. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì ní yìnyín, tí ó sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó gòkè ní ìpele méjì fún yìnyín, àwòrán ẹ̀ka dúdú tí awọ yìnyín bò yóò ràn kọjá ààlà. Àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ ti di àṣìṣe inú iṣẹ́.

5.0 Ipò Oòrùn àti Ìtọ́jú Kámẹ́rà

Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ayàwòrán, òjìji kò ní hàn, igi yóò sì dà bí ohun tí a fi bébà gé. Bí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́, gbogbo òkè àti kòtò inú òjò dídì àti kùrukùru dídì yóò yọ. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn igi, ìrì dídì àti awọ yìnyín ni yóò jàǹfààní jù, nítorí pé etí wọn yóò máa tàn.

Òjìji orí òjò dídì kì í ṣe dúdú lásán. Sánmọ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí oòrùn kò dé, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ a máa dà bí aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan péré nínú aró. Ojú ènìyàn a máa fojú fo èyí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í fojú fò ó. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ kọ òjìji dúdú níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ń sọ̀rọ̀ aró.

Òtútù a máa dín agbára bátìrì kù, nítorí náà kí a tọ́jú èyí tí a ó fi pààrọ̀ sínú aṣọ nítòsí ara. Fíìmù pẹ̀lú a máa gan nínú òtútù líle, ó sì lè ya bí a bá fi ipá yí i. Èémí ayàwòrán lè dì mọ́ ojú awò. Ìgbà tí ewu pọ̀ jù ni ìgbà tí a bá ń padà sínú ilé: oru omi inú yàrá tí ó móoru yóò di ìrì lára kámẹ́rà tútù. Ẹni tí ó wọ awò ojú, tí ó sì ti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà bọ́ sí ìta ní Èkó, mọ ohun tí à ń wí. Kí a di kámẹ́rà sínú ọ̀rá níta kí a tó wọlé; ara ọ̀rá ni ìrì yóò sẹ̀ sí.

6.0 Àpẹẹrẹ Kan: Igi Òkè Zaō ní Japan

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ni à ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo òkè Zaō, tí ó wà láàárín agbègbè Yamagata àti Miyagi ní àríwá Japan. Atẹ́gùn tútù láti Siberia a máa kọjá lórí Òkun Japan, a sì fa oru omi mọ́ra. Bí ó bá gun òkè náà, oru náà á di ẹ̀kán omi atutùmádì, èyí tí yóò lu àwọn igi tí ewé wọn kì í wọ́ ní àsìkò òtútù, tí yóò sì dì mọ́ wọn. Òjò dídì náà á há sáàárín rẹ̀. Ní oṣù Kejì, igi kọ̀ọ̀kan a ti di ọwọ̀n funfun gìrìwò tí a kò rí ewé rẹ̀ mọ́, tí àwọn àlejò ń fi wé iwin.

Àwọn ará Japan ń pe é ní juhyō, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ yìnyín igi. Kùrukùru dídì tí ó hù sọ́wọ́ atẹ́gùn bí ìyẹ́, ìrù edé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìrísí rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ohun náà, wọ́n wo ohun tí ó wà nílé wọn, wọ́n sì rí orúkọ. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún àwa náà.

Ṣùgbọ́n igi wọ̀nyí wà nínú ewu. Fumitaka Yanagisawa ti Yunifásítì Yamagata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn àwòrán tí a ti yà lórí òkè náà láti 1933 jọ, wọ́n sì wọn ìbú àwọn ọwọ̀n funfun náà nínú wọn. Ní àwọn ọdún 1930, ìbú wọn a máa tó mítà 5 sí 6. Ní àwọn ẹ̀wádún tí ó tẹ̀lé ogun àgbáyé kejì, ó ti di mítà 2 sí 3. Láti 2019, ọ̀pọ̀ wọn kò ju ìdajì mítà lọ. Ìmóoru ayé wà lára ohun tí ó fà á. Ní 2013, ìdin àfòpiná kan tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ewé àwọn igi náà. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ èèpo igi sì tẹ̀lé e, tí ọ̀pọ̀ igi fi kú. Igi tí kò ní ewé kò ní ibi tí kùrukùru yóò dì mọ́ dáadáa. A ti ń gbin ọ̀dọ́ igi rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún 50 sí 70 kí wọ́n tó dàgbà.

Ẹ kíyè sí i pé àwòrán ni ẹ̀rí tí a fi mọ èyí. Àwọn tí wọ́n gun òkè náà pẹ̀lú kámẹ́rà ní 1933 kò mọ̀ pé àwọn ń kọ ìtàn ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ká ní ìgbamọ́lẹ̀ wọn ti kọjá ààlà ni, etí igi ìbá ti wọ inú funfun sánmọ̀, kò sì ní sí ohun tí a ó wọ̀n. Ká ní ẹni tí ó kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán kò fi ìyàtọ̀ sí juhyō àti òjò dídì lásán ni, a kò bá máa fi ohun méjì tí kò jọra wé ara wọn. Àwòrán tí ó mọ́ àti orúkọ tí ó tọ̀nà ni wọ́n jọ gbé ẹ̀rí náà dúró. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá ń ya irú igi bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, ibi tí ó dúró sí, ìhà tí ó kọjú sí, àti èyí tí ó rí nínú ohun mẹ́rin náà sílẹ̀. Kí ó sì fi ohun tí a mọ gígùn rẹ̀, bí ọ̀pá tàbí ènìyàn, sínú àwòrán.

7.0 Kíkọ́ Ẹ̀kọ́ Yìí Níbi Tí Kò Sí Òjò Dídì

Olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìrí òjò dídì. Ìdánwò mẹ́ta ni a dábàá.

(i) Kí a tẹ́ aṣọ funfun kan àti aṣọ dúdú kan sí ojú oòrùn kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi kún ojú àwòrán, kí ó sì yà á bí òṣùwọ̀n kámẹ́rà bá ti wí. Aṣọ méjèèjì yóò súnmọ́ àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn náà, kí ó gòkè ní ìpele méjì fún funfun, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ fún dúdú, kí ó wo ìyàtọ̀.

(ii) Kí a ṣí ibi tí omi ti ń dì nínú fìríìjì, irú èyí tí kì í yọ́ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun funfun tí ó hù mọ́ ara ògiri rẹ̀ kì í ṣe omi tí ẹnikẹ́ni dà síbẹ̀. Oru omi inú afẹ́fẹ́ ni ó di yìnyín níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wé yìnyín tí a fi omi ṣe nínú abọ́, kí ó sì sọ èyí tí ó funfun àti èyí tí ó mọ́ gaara, àti ìdí rẹ̀.

(iii) Ní àárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, kí a ya koríko kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: oòrùn lẹ́yìn, oòrùn ní ẹ̀gbẹ́, oòrùn níwájú. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe sí ẹ̀kán ìrì fara jọ ohun tí yóò ṣe sí awọ yìnyín.

8.0 Àkójọ Ọ̀rọ̀-Ìperí

Awọ yìnyín: yìnyín gaara tí òjò atutùmádì fi bo nǹkan.
Ìdámọ́lẹ̀padà: ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan dá padà nínú èyí tí ó bà á.
Ìgbamọ́lẹ̀: àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú kámẹ́rà fún àwòrán kan.
Ìpele: ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ tí ó sọ ìgbamọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì.
Ìpéǹpéjú kámẹ́rà: ohun tí ń pinnu bí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé yóò ti pẹ́ tó.
Ìrì dídì: yìnyín tí oru omi bí lára ohun tútù láìkọ́kọ́ di omi.
Káàdì eérú: káàdì tí ìdámọ́lẹ̀padà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 18 nínú 100.
Kùrukùru dídì: yìnyín funfun tí ẹ̀kán kùrukùru atutùmádì bí, tí ó sì ń hù síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá.
Ọmọlójú kámẹ́rà: ihò tí ń pinnu bí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ yóò ti gbòòrò tó.
Òjò dídì: ègé yìnyín onígun mẹ́fà tí ń ti inú ìkuùkù já bọ́.
Omi atutùmádì: omi tí ó tutù kọjá 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí kò sì tíì dì.
Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀: ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún ayàwòrán.
Yìnyín: (a) omi tí ó ti di líle, ní gbogbogbòò, (b) òkò omi dídì tí ń bá ìjì òjò wá.

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé èdè Yorùbá ní ohun tí ó tó láti fi ṣàlàyé ohun tí kò sí nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá lo òjò, ìrì, kùrukùru àti yìnyín ní àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá tí ó wà nínú àkójọ wa, ẹyọ kan péré ni ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a yá nínú yàtọ̀ sí àwọn tí kámẹ́rà, orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ti wọlé. Àwọn orúkọ tuntun inú wọn jẹ́ àbá. Àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ tí wọ́n bá lò wọ́n ni yóò sọ èyí tí yóò dúró.

Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ a máa sọ funfun àti dúdú di eérú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń pe ohun mẹ́rin ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ayàwòrán ní láti mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó tún òṣùwọ̀n ṣe. Olùtumọ̀ pẹ̀lú ní láti bèèrè lọ́wọ́ ìwé tí ó ń túmọ̀ pé: ṣé ó ti òkè já bọ́ ni, àbí ó hù lára ẹ̀ka lóru, àbí atẹ́gùn ni ó gbé e wá, àbí òjò ni ó dà á bò ó? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ orúkọ tí yóò lò.